Àìlápá ni Àdá Kò Mú: Àdá, Iná Mànàmáná àti Epo Pẹtiróòlù nínú Ìtọ́jú Àgbàlá ní Àwọn Abúlé Àyíká Ìbàdàn láti 1893

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn ohun èlò iṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ́ àti àdá tí a ń gbé lọ sí oko ni wọ́n sábà máa ń kọ nípa rẹ̀. Ohun èlò tí a fi ń tọ́jú àgbàlá kì í sábà wọ inú ìwé. Síbẹ̀, kò sí ilé kan ní Mọ́níyà, ní Lálúpọn, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Àkànrán tí koríko kì í yọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò, kò sì sí baálé kan tí kò ní láti pinnu ohun tí a ó fi gé e àti ẹni tí yóò gé e. Ìpinnu yìí ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì so mọ́ ti ìjọba, ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti owó.

Èrò kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè, pé ṣe ni ohun èlò ń gun àkàbà. Lójú wọn, èyí tí a ń fi ọwọ́ lò wà ní ìsàlẹ̀, èyí tí ń lo iná mànàmáná tàbí epo wà lókè, ẹni tí ó bá sì dúró sí ìsàlẹ̀, àìní tàbí àìmọ̀ ni ó dá a dúró síbẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí kò gba èrò náà wọlé. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè tí àwọn ará abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ń dáhùn láti ìgbà ìjọba òyìnbó kì í ṣe pé ẹ̀rọ wo ni ó dára jù, bí kò ṣe pé apá ta ni ó wà nílẹ̀. Òwe àwọn àgbà tí ó sọ pé àìlápá ni àdá kò mú ti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ kí ẹ̀rọ kankan tó dé: kì í ṣe ẹnu àdá nìkan ni Yorùbá ń wò, apá tí ó di èèkù rẹ̀ mú ni wọ́n ń wò pẹ̀lú.

1. Àgbàlá tí kò fẹ́ koríko

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Bí ìlú náà ti ń gbòòrò ni àwọn ìdílé ń dá oko sí àyíká rẹ̀, tí abà oko sì ń di abúlé. Àṣà tí ó so ìlú mọ́ oko ni pé ilé wà ní ìlú, iṣẹ́ sì wà ní oko. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Nítorí náà, ibi iṣẹ́ ni àgbàlá ilé abúlé jẹ́ láti ìpìlẹ̀, kì í ṣe ibi afẹ́. Níbẹ̀ ni a ti ń sá èlùbọ́, níbẹ̀ ni a ti ń pa ẹkùrọ́. Nígbà tí kòkó sì gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàdàn, níbẹ̀ ni a ti ń sá a. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré òṣùpá, níbẹ̀ náà ni a sì ti ń ṣe ìnáwó òkú àti ìpàdé ẹbí.

Ilẹ̀ gbalasa tí a gbá títí ó fi ń dán ni ó yẹ irú ibi bẹ́ẹ̀. Ìdí mìíràn tún wà tí a kò fi fẹ́ koríko. Ejò a máa fara pa mọ́ sínú koríko tí ó bá ga. Nígbà tí ewé àti bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé, iná ìgbẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè gba ojú koríko gbígbẹ wọ abúlé. Nítorí náà, bí a bá fi ọkọ́ họ ilẹ̀ kúrò ní àyíká ilé, ẹ̀mí àti dúkìá ni a ń dáàbò bò.

Ìpín iṣẹ́ náà hàn kedere. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ni wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ ní kùtùkùtù. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń fi àdá ṣán ibi tí igbó ti fẹ́ wọlé. Toyin Falola, nínú ìwé rẹ̀ ti 1984 lórí ètò ọrọ̀ ajé Ìbàdàn láàrin 1830 sí 1900, fi hàn bí iṣẹ́ oko àwọn ìjòyè ti gbára lé apá àwọn ẹrú pẹ̀lú ti ará ilé. Àwọn ìwọ̀fà náà wà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ sin owó. Níbi tí apá pọ̀ tó báyìí, ọkọ́, àdá àti ìgbálẹ̀ tó iṣẹ́ náà ṣe.

Ìyàtọ̀ kan wà níhìn-ín tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ọkọ́ ń mú koríko kúrò. Ẹ̀rọ ìgékoríko ń dá koríko sí, ó kàn ń ké e kúrú ni. Ẹ̀rọ tí a ṣe láti tọ́jú koríko kò lè jẹ́ ìdáhùn fún ẹni tí kò fẹ́ rí koríko rárá. Ìyàtọ̀ yìí, kì í ṣe òṣì, ni ìdí àkọ́kọ́ tí abúlé kò fi wá ẹ̀rọ náà kiri.

2. Koríko òyìnbó àti òfin wolé-wolé

Ní 1893 ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí Captain Bower sì di ajẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Bí àwọn òyìnbó ti ń pọ̀ sí i ni a ń ya àdúgbò sọ́tọ̀ fún wọn ní Àgodi, lẹ́yìn náà ní Ìyágankú àti Jẹ́ríkò. Láti ìgbà tí Ronald Ross ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1897 pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà kiri ni àwọn dókítà ìjọba ti ń fura sí omi adágún àti igbó ìtòsí ilé. Ètò ìlú tí ó tẹ̀lé òfin 1917 ní kí àlàfo tí ó tó 440 yáàdì wà láàrin ilé òyìnbó àti ilé ọmọ ilẹ̀. Nínú ọgbà ilé òyìnbó fúnra rẹ̀, pápá koríko kúkúrú ni a gbìn, bí wọ́n ti ń ṣe ní orílẹ̀-èdè wọn.

Irinṣẹ́ pápá náà ti wà nílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó dé Ìbàdàn. Ní 1830 ni Edwin Budding, ará àgbègbè Stroud, gba ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìgékoríko àkọ́kọ́. Inú ilé iṣẹ́ aṣọ ni ó ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀, lára ẹ̀rọ tí ń fá irun ojú aṣọ kí ó lè jọ̀lọ̀. Abẹ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó yí ká ọ̀pá kan. Bí a ti ń ti ẹ̀rọ náà síwájú ni abẹ ń yí, tí ó sì ń ré koríko mọ́ ojú irin ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí àlùmọ́gàjí bá ń ré aṣọ. Láti 1832 ni ilé iṣẹ́ Ransomes ní Ipswich ti ń rọ ọ́ tà.

Bí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ó fi ààlà sí ibi tí ó lè dé. Ilẹ̀ rẹ̀ ní láti tẹ́jú, koríko rẹ̀ ní láti kúrú, a sì ní láti máa gé e lemọ́lemọ́. Bí òkúta tàbí kùkùté bá wà níbẹ̀, abẹ á ká. Bí a bá jẹ́ kí gbégi tàbí èèsún dàgbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà òjò, ṣe ni ẹ̀rọ náà yóò dùbúlẹ̀ lé e lórí. Ọgbà tí ó ní òṣìṣẹ́ tí kò níṣẹ́ mìíràn ju ìtọ́jú rẹ̀ lọ nìkan ni ó lè lò ó: ọgbà ilé àwọn ọ̀gá ìjọba, ọgbà ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Moor Plantation, àti ọgbà Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Kódà níbẹ̀ náà, àdá àwọn lébìrà ni ó gé èyí tí ó pọ̀ jù.

Irinṣẹ́ pápá kò dé abúlé, ṣùgbọ́n òfin ìmọ́tótó dé. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí àwọn ènìyàn sọ ní wolé-wolé a máa wo ìkòkò omi, a máa wo ṣáláńgá, a sì máa wo koríko ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí koríko rẹ̀ bá ga lè rí ìwé ìpè sí kóòtù. Bí ohun tí ó jẹ́ ọ̀ràn láàrin baálé ilé àti ará ilé rẹ̀ ti di ọ̀ràn láàrin rẹ̀ àti ìjọba nìyẹn. Ó ṣe pàtàkì láti rí i pé òfin náà béèrè iṣẹ́ láìpèsè irinṣẹ́. Nígbà tí ìbínú àwọn àgbẹ̀ fi ru sókè ní 1968 àti 1969 nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, tí Tàfá Adéoyè ti Àkànrán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí rẹ̀, ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí a dín owó orí kù sí 30 ṣílè. Ẹni tí ó ń du ìwọ̀nba ṣílè bẹ́ẹ̀ kò lè kó owó lé ẹ̀rọ tí ó ti òkè òkun wá.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ó mú pápá koríko wọ abúlé nítòótọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ sì pọ̀ yí ká Ìbàdàn. Gbogbo wọn ni ó ní pápá ìṣeré. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa gbé àdá dání, tàbí irin pẹlẹbẹ gígùn tí a tẹ̀ ní ìdí tí wọ́n ń pè ní langalanga. A ó pín pápá fún wọn ní ìpín-ìpín, ẹni tí ó bá pẹ́ dé yóò sì gé ju ìpín tirẹ̀ lọ. Langalanga ni ẹ̀rọ ìgékoríko àwọn abúlé wọ̀nyí fún ọdún pípẹ́, apá àwọn ọmọ sì ni agbára tí ó ń yí i.

3. Iná tí kò dúró

Ìtàn iná mànàmáná ní àyíká Ìbàdàn kì í ṣe ìtàn àìní ẹ̀rọ, ìtàn àìdúró iná ni. Àjọ ECN bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. A ṣí ìdídò Kainji ní 1969. NEPA gba ipò ECN ní 1972. Orúkọ náà yí padà sí PHCN ní 2005. Ní 2013 ni ilé iṣẹ́ aládàáni, IBEDC, sì gba pípín iná ní àgbègbè Ìbàdàn. Òpó iná a máa kọ́kọ́ tẹ̀lé títì ńlá, bíi ọ̀nà Ọ̀yọ́, ọ̀nà Ìwó àti ọ̀nà Ifẹ̀. Àwọn abúlé tí ó wà nínú lọ́hùn-ún a sì máa dúró de ìgbà tiwọn.

Bí a bá fi owó agbára nìkan wọ̀n ọ́n, ẹ̀rọ ìgékoríko oníná ni ì bá borí. Ẹ̀rọ tí ó lágbára díẹ̀ ń lo nǹkan bíi 1,500 wáàtì. Ní oṣù Kẹrin 2024 ni owó iná àwọn tí a kà sí ìpele A gòkè láti 68 náírà sí 225 náírà fún yúníìtì kan. Pẹ̀lú ọ̀wọ́n yẹn náà, wákàtí kan tí a fi ẹ̀rọ yìí gé koríko kò ju nǹkan bíi 338 náírà lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, lítà epo pẹtiróòlù kan ti kọjá 1,000 náírà.

Kí ni ó wá dé tí ẹ̀rọ oníná kò fi rí ẹsẹ̀ gbélẹ̀? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé iná ní láti wà ní wákàtí tí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ bá ráyè, kí ilẹ̀ sì ti gbẹ. Iná tí ó dé ní òru kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ìdí kejì ni pé ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí ó kún àwọn ilé kò ní agbára ju nǹkan bíi 650 wáàtì lọ. Ó lè tan gílóòbù, ó lè yí fáànù, ṣùgbọ́n kò lè yí ẹ̀rọ tí ń béèrè ìlọ́po méjì agbára rẹ̀. Ìdí kẹta ni wáyà. Wáyà gígùn tí a ń wọ́ láàrin koríko tútù, níbi tí abẹ wà, ewu ni. Ẹ̀rọ oníbátìrì ti mú ọ̀ràn wáyà kúrò ní àkókò tiwa yìí, ṣùgbọ́n bátìrì náà fẹ́ iná láti mu, owó rẹ̀ sì ga. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí owó agbára rẹ̀ kéré jù ni ó kéré jù ní abúlé.

4. Epo àti ẹni tí ó gbé e kọ́ èjìká

Ẹ̀rọ ìgékoríko elépo kò kọ́kọ́ wá fún ilé mẹ̀kúnnù níbi kankan. Ní 1902 ni Ransomes bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn ọgbà ńlá. Ní 1952 ni Mervyn Richardson ní Sydney, ní Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta Victa, ẹ̀rọ fúfúyẹ́ tí abẹ rẹ̀ ń fò yí ní pẹrẹsẹ bí abẹ fáànù. Irú abẹ yìí kì í ré koríko, ṣe ni ó ń lù ú já, nítorí náà kò bẹ̀rù koríko tí ó ti ga díẹ̀. Oríṣi elérìí mẹ́rin tí ń lo irú abẹ yìí ni ó di ohun tí a mọ̀ ní ọgbà ilé àwọn ọ̀gá, ní Yunifásítì, àti ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ilẹ̀ olóoru tí a dá sílẹ̀ ní 1967 ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ tó 1,000 hẹ́kítà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ abúlé yàtọ̀. Òun ni ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ èjìká, tí ó ní ọ̀pá gígùn àti abẹ tàbí okùn ọ̀rá ní ìdí. Oríṣi olókùn ọ̀rá jẹ yọ láti inú èrò George Ballas ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ní 1971. Ẹ̀rọ yìí kò béèrè ilẹ̀ títẹ́jú. Ó lè gé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó lè yí kùkùté àti sàréè ká, ó sì lè wọ àárín ẹ̀gẹ́.

Ohun tí ó fún un ní ẹsẹ̀ jù ni pé ẹni tí yóò tún un ṣe ti wà nílẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn ń lo epo pẹtiróòlù tí a po mọ́ ọ́ìlì, bí ẹ̀rọ tí a fi ń la gẹdú àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá kékeré ti ń lò ó. Mẹ́káníìkì tí ó mọ bí a ti ń fọ kabúrétọ̀ ọ̀kan mọ ti èkejì. Mẹ́káníìkì ẹ̀rọ oníná ṣọ̀wọ́n. Ti elépo wà ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ìmọ̀ tí ó ti wà lọ́wọ́ ènìyàn ni ó yan ẹ̀rọ, kì í ṣe ìwé ìpolówó.

Síbẹ̀, bí a bá wo ẹni tí ó ni ẹ̀rọ yìí, a ó rí i pé kì í sábà jẹ́ onílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó ni ín, tí ó ń gun ọ̀kadà kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ lẹ́yìn àti kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́. Yóò wo àgbàlá, yóò dá iye, onílé yóò ná an, wọn yóò sì fẹnu kò. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni onílé rà, apá ni ó rà, apá náà sì mú ẹ̀rọ tirẹ̀ dání. Nígbà tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà tí kò tó 200 náírà ní ilé epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni ẹrù náà kọ́kọ́ balẹ̀ lé lórí. Bí ó bá fi owó kún iṣẹ́, onílé a ní kí ó máa lọ. Bí kò bá fi kún un, èrè rẹ̀ a bá èéfín lọ.

5. Apá tí ó ṣí lọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí ó kọ́ àwọn ọmọ ní gígé pápá ni ó kó apá wọn lọ. Ẹni tí ó kàwé ní Lálúpọn tàbí ní Àkànrán kò jókòó síbẹ̀ láti máa ṣán ẹ̀yìnkùlé. Ó gba Ìbàdàn lọ, ó gba Èkó lọ. Àwọn arúgbó, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, ni ó kù nílé. Bẹ́ẹ̀ ni koríko kò dín kù. Èpò kan tí ó wọ Nàìjíríà pẹ̀lú irúgbìn igi mẹ̀línà ní ìparí àwọn ọdún 1930 tàn dé ibi gbogbo, tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Awólọ́wọ̀ tàbí Akíntọ́lá, ní ìrántí ìjà òṣèlú àwọn ọdún 1960: a gé e, ó tún hù.

Nígbà tí apá kò sí, tí owó apá sì wọ́n, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀. Ọ̀kan ni súmẹ́ńtì. Bí ìlú ti ń gbòòrò wọ Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, àwọn ilé tuntun olódi ń bo àgbàlá wọn ní kọnkéré tàbí bíríkì àtẹ́mọ́lẹ̀. A lè rò pé ọ̀làjú tuntun ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ àtijọ́ fún ilẹ̀ gbalasa ni ó tún padà wá, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé omi òjò kò rí ibi wọlẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì ni oògùn apakoríko. IITA ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní àwọn ọdún 1970 lórí oko tí a kì í kọ ebè sí, èyí tí oògùn ń gba ipò ọkọ́. Okezie Akobundu tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ ìwé pàtàkì lórí ìmọ̀ èpò tí ó jáde ní 1987. Fún oko ni a ṣe irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n àti ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn náà ti kúrò ní oko wá sí ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ìyá àgbà kan lè fi agolo kan àti ẹ̀rọ ìfọ́nkó ṣe iṣẹ́ tí ọmọkùnrin mẹ́ta ń fi àdá ṣe. Nínú àgbàlá yìí kan náà ni kànga wà, níbẹ̀ ni adìẹ ti ń jẹ̀, níbẹ̀ ni a sì ti ń sá èlùbọ́. NAFDAC fi òfin de parákuátì láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 nítorí oró rẹ̀. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ó jọ ti wolé-wolé ní ọ̀nà kan: ó gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn láìfi apá sí ipò rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ẹ̀rọ kò gun àkàbà ní àwọn abúlé àyíká Ìbàdàn. Ẹ̀rọ àtìwọ́ Budding kò kọjá ọgbà òyìnbó nítorí pé ó ń tọ́jú ohun tí abúlé ń lé jáde. Ẹ̀rọ oníná, tí owó agbára rẹ̀ kéré jù, kò rí iná tí ó dúró dè é. Ẹ̀rọ elépo rí ààyè, ṣùgbọ́n èjìká alágbàṣe ni ó gbé e wọlé. Àdá kò fi ìgbà kan kúrò nílẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Àwọn tí ń fi í ṣiṣẹ́ ni wọ́n kúrò.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ètò ìrànwọ́ tí ó bá ń pín ẹ̀rọ fún ilé kọ̀ọ̀kan yóò kàn kó irin jọ sí ẹ̀yìnkùlé ni. Ẹni tí ó yẹ kí a ràn lọ́wọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gbé ẹ̀rọ kiri àti mẹ́káníìkì tí ó ń tún un ṣe, bóyá láti ọwọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé, kí iye tí ìyá àgbà yóò san má baà lé e lọ sí ìdí agolo oògùn. Àwọn àgbà kò fi àìmú àdá sùn alágbẹ̀dẹ nínú òwe wọn. Apá ni wọ́n ní kí a lọ wá.